Okùn Bàbá Pápá

Ìyá Aránṣọ ṣí agolo, ó fa okùn jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sórí koríko díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tú irun ọmọ tó sùn. Kò kánjú. Okùn tí èèyàn bá fi ìkánjú tú, ṣe ni yóò lọ́ mọ́ra, ẹni tó tú u náà ni yóò sì jókòó ti wàhálà rẹ̀. Okùn ọ̀rá ni, ó nípọn tó ìka ọwọ́ tó kéré jù. Nígbà kan ó ní àwọ̀ ewé, ní báyìí àwọ̀ eérú ló kù. Kókó mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, àjákù aṣọ kan sì wà lára kókó kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ní aṣọ funfun ni ti apótí kékeré tí wọ́n ń fi ẹfun fà síwájú ilé bọ́ọ̀lù, èyí tó ní aṣọ pupa ni ti àmì pẹ́nátì, èyí tó ní aṣọ dúdú ni ti apótí ńlá. Àwọn mẹ́ta yòókù wà fún ẹ̀gbẹ́ pápá àti òbìrí àárín.

Ọkọ rẹ̀ ló ṣe okùn náà. Ogún ọdún lọkùnrin yẹn fi tọ́jú pápá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò, Bàbá Pápá ni gbogbo èèyàn sì ń pè é, débi pé àwọn ọmọ kan rò pé orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ìyàwó rẹ̀ ti ń bá a di etí okùn kejì mú. Nígbà tí ọkọ kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ní kó gba iṣẹ́ náà. Ó kàn gbé agolo lọ sí pápá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó kan èèkàn mọ́lẹ̀, ó so etí okùn kan mọ́ ọn, ó di ìkejì mú. Ẹgbẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò fún un lóyè ọkọ rẹ̀. Aṣọ rírán ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, Ìyá Aránṣọ ni wọ́n sì ń pè é. Káfíńtà tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ a tilẹ̀ máa dápàárá pé pápá ní bàbá, kò ní ìyá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọjọ́ yìí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni ẹgbẹ́ ńlá àárín ìlú máa wá bá ẹgbẹ́ àdúgbò gbá bọ́ọ̀lù nítorí Kòtàsé.

Púlọ́ńbà ni Kòtàsé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ní ìyàwó àti ọmọ ọwọ́ kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gun àkàbà lọ bá páìpù níbi tí páìpù bá wà, lókè ilé alájà mẹ́rin tàbí lábẹ́ òrùlé. Oṣù kẹrin rèé tí òun àti aṣọ́lé ẹgbẹ́ kan jọ sáré lé bọ́ọ̀lù kan náà, tí egungun ojúgun rẹ̀ dá sí méjì. Wọ́n dì í, egungun so, ṣùgbọ́n kò so tààrà. Dókítà ní kí wọ́n tún un là, kí wọ́n fi irin tọ́ ọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó gbàgbé àkàbà, ká má tíì wá sọ ti bọ́ọ̀lù. Apá ìdílé rẹ̀ kò ká owó iṣẹ́ abẹ náà. Ìdí nìyẹn tí Káfíńtà fi kọ̀wé sí ẹgbẹ́ ńlá. Wọ́n fèsì pé àwọn á wá lọ́fẹ̀ẹ́, pé gbogbo owó ẹnu ọ̀nà di ti ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: lọ́jọ́ Ẹtì, alábòójútó wọn á wá fi téèpù irin wọn pápá. Bí pápá kò bá bá òfin mu, àwọn ò ní í gbé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ àwọn lé e.

Ìyá Aránṣọ gbọ́, kò sì mira. Ta ni yóò kọ́ okùn ọkọ rẹ̀ ní ìwọ̀n?

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn yàtọ̀ síyẹn. Kì í ṣe orúkọ lásán ni wọ́n ń pe Kòtàsé. Láàárín ọdún márùn-ún ó ti gbá pẹ́nátì mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí pápá yìí, gbogbo rẹ̀ ló sì wọlé. Ẹgbẹ́ òdìkejì odò, tí wọ́n ti fara gbá méje nínú wọn, ti ń sọ ọ́ kiri pé àrékérekè wà níbẹ̀. Wọ́n ní aránṣọ ló ń wọn pápá, ẹ sì mọ iṣẹ́ aránṣọ: bó ṣe ń ṣẹ́tí ṣòkòtò náà ló ṣe ṣẹ́tí pẹ́nátì, ó ti gé e kúrú fún ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ náà dé àárín ìlú. Ìyá Aránṣọ bá wọn rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í kọjá eyín.

Bó ṣe ń na okùn lọ́wọ́ ni Káfíńtà dé, téèpù irin tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí i, ó bi í léèrè nípa iṣẹ́ àti nípa ìbàdí tó ń dùn ún, ó yí ọ̀rọ̀ po títí tí kò fi rí ibòmíràn yí i gbà mọ́.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká fi téèpù yìí tẹ̀ lé okùn lẹ́ẹ̀kan.”

“Kí ló ṣe okùn?”

“Kò sóhun tó ṣe é. Ọkùnrin yẹn ló ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.”

“Kó máa bọ̀. Okùn yìí ti ń ṣiṣẹ́ kí ìwọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ìṣó mú.”

“Òótọ́ ni, Màmá. Títí dòní náà mo ṣì ń fi òòlù gbá àtàǹpàkò mi.” Ó gbé téèpù sínú agolo okùn, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Kò fọwọ́ kan téèpù náà. Ó fa àwọn ìlà tán, ó ká okùn, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí èèyàn bá bi í, yóò ní nítorí ọ̀wọ̀ ọkọ òun ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni pẹ́nátì kúrú ńkọ́? Bí téèpù bá sọ bẹ́ẹ̀, orúkọ ọkọ rẹ̀ bàjẹ́, orúkọ ọmọkùnrin yẹn bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tí yóò sanwó wá wo ìdíje ẹgbẹ́ onírẹ́jẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni dírẹ́bà kan gbé ṣòkòtò padà wá. Ó wọ̀ ọ́ kí ó lè fi hàn án: etí ṣòkòtò náà bo bàtà, ó sì ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

“Màmá, àbí ẹ fi àyè sílẹ̀ kí n lè ga sí i ni? Mo ti pé ẹni àádọ́ta ọdún o.”

Ìyá Aránṣọ bẹ̀ ẹ́, ó ní kó bọ́ ọ kalẹ̀. Kò yé e. Òun fúnra rẹ̀ ló wọn ọkùnrin yìí, òun ló gé aṣọ. Ó wo téèpù tó wà lórí tábìlì, ó rí i pé kì í ṣe tọdún yìí. Gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ló máa ń ra téèpù aṣọ tuntun, nítorí téèpù tí wọ́n ń fà lójoojúmọ́ a máa gùn. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sọ fún un, òun náà sì ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá bẹ́ẹ̀. Èyí tó pa tì lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, tó fi di ìdì aṣọ, ló ti ṣèèṣì fi gé aṣọ náà, lẹ́yìn tó ti fi tuntun wọn ọkùnrin náà. Ó tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àádọ́jọ sẹ̀ǹtímítà ló wà lára ìkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ fi ìka mẹ́ta gùn ju tuntun lọ. Àádọ́jọ ni àádọ́jọ ń jẹ́ lára méjèèjì, síbẹ̀ ọ̀kan ń purọ́.

Ó jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ẹ̀rọ. Téèpù tó fà fún ọdún kan péré nìyí. Okùn tí wọ́n ti ń fà láti ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ńkọ́, tí àgbàlagbà méjì ń fi gbogbo agbára nà kó lè le gbọn-in?

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ àga wá sí i lọ́kàn. Àga gígùn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń dúró de àyè wọn máa ń jókòó lé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún un sẹ́yìn láàárín ọdún mẹ́fà yìí. Wọ́n ní ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá ti dé ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn gbé àga, gbogbo wọn sún un, kò sẹ́ni tó béèrè pé láti ìgbà wo ni ìlà ti ń rìn.

Ìdájí Ọjọ́rú ló ti wà ní pápá, kí oòrùn tó yọ dáadáa. Kò yọ téèpù Káfíńtà kúrò nínú agolo okùn. Téèpù aṣọ tuntun tirẹ̀ ló mú, èyí tó mọ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí ìlà ojú ilé, ó tẹ́ téèpù sílẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún ilẹ̀ ní ibi tó parí sí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi abẹ́rẹ́. Òfin ní mítà mọ́kànlá. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lóru lórí ibùsùn: téèpù odindi lọ́nà méje, kí a sì fi àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà lé e. Lẹ́yìn ìgbà keje, ó wọn àádọ́ta yòókù, ó gún abẹ́rẹ́ tó gbẹ̀yìn, ó sì gbójú sókè.

Àmì funfun tó fi okùn ṣe lánàá ṣì wà níwájú. Kò tíì dé ibẹ̀. Ó ku ẹsẹ̀ méjì gbáko.

Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Ìgbà tó dá a lójú ló tó jókòó sórí koríko tútù, tó gbàgbé ìbàdí. Pẹ́nátì kò kúrú. Ó gùn! Ọmọ tí wọ́n ní ó ń jẹ ìrẹ́jẹ, ibi tó jìnnà ju ibi tí òfin ní kó ti gbá a ló ti ń gbá a, ó sì ń wọlé.

Ó pe Káfíńtà. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́ nítorí pé lẹ́nu iṣẹ́ ni ìpè ti bá a. Ó yọ téèpù irin rẹ̀ kúrò nínú agolo, ó wọ̀n ọ́n, ohun kan náà ló sọ: mítà mọ́kànlá àti ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Káfíńtà wo téèpù, ó wo ilé, ó tún wo téèpù.

“Màmá, ẹ rántí ohun tí ọmọ yẹn máa ń sọ nígbàkígbà tí a bá lọ gbá bọ́ọ̀lù níta? Pé ilé ọ̀hún máa ń fẹ̀ lójú òun?”

“A sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Èmi gan-an ní kó lọ yẹ ojú wò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú wọn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, Káfíńtà bi í ní ìbéèrè tí obìnrin náà ti ń bi ara rẹ̀ láti ìdájí: ṣé láti ayé Bàbá Pápá ló ti rí bẹ́ẹ̀?

Ìṣó méjì kan ló wá sí i lọ́kàn. Ó dìde, ó gbé okùn, ó sì rìn lọ sí yàrá jẹ́sì, Káfíńtà tẹ̀ lé e. Yàrá tóóró ni, ó gùn, ó ń rùn òógùn àti ọṣẹ. Lára ògiri tó gùn jù, ìṣó ńlá méjì wà, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, wáyà tí wọ́n ń sá jẹ́sì sí ló sì wà láàárín wọn. Bàbá Pápá ló kan ìṣó wọ̀nyẹn, ó pẹ́ kí wáyà tó débẹ̀. Ìyá Aránṣọ ní kí Káfíńtà wọn àárín wọn. Mítà márùn-ún àbọ̀ ni, kò lé, kò dín. Ó fi etí okùn kọ́ ìṣó àkọ́kọ́, ó fà á yí ìkejì ká, ó dá a padà sí àkọ́kọ́. Àlọ àti àbọ̀, mítà mọ́kànlá. Ibi ìṣó ló yẹ kí aṣọ pupa dé. Aṣọ pupa kọjá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì.

Ìgbà yẹn ló yé e. Lọ́dọọdún, kí ìdíje àkọ́kọ́ tó wáyé, ọkọ rẹ̀ a wọ yàrá yìí tòun tokùn fún bíi wákàtí kan. Òun a wà níta, òun a máa po ẹfun fún ìlà. Bí ọkọ bá jáde, àwọn àjákù aṣọ ara kókó a ti di tuntun. Òun rò pé nítorí pé ti àtijọ́ ti gbó ló ṣe ń pààrọ̀ wọn. Kò mọ̀ pé kókó gan-an ló ń tú, tó ń tún un ta síbi tó tọ́, kí okùn má bàa fi gígùn rẹ̀ tan òun jẹ. Ìṣó kì í gùn. Ọkùnrin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ pápá nìyẹn, òun náà ni kò ṣe fún ọdún mẹ́fà.

“Èmi ni,” ló wí. “Mò ń pààrọ̀ téèpù lọ́dọọdún nítorí ṣòkòtò ẹlòmíì, mo wá ń tọ́jú okùn yìí bí ẹyin.”

Káfíńtà ní kò sóhun tó le ńbẹ̀. Wọ́n á tún àwọn ìlà fà, alábòójútó á wá bá pápá tó pé, ó parí. Kí ló dé tí èèyàn á fi máa ká aṣọ ara rẹ̀ sókè lójú ọjà? Ìyá Aránṣọ ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá okùn tuntun.

Aránṣọ tó mọṣẹ́ kì í gé aṣọ tí kò tíì rẹ sómi, torí ohun tí aṣọ bá máa sún kì, ó sàn kó sún un kì ṣáájú àlùmọ́gàjí. Ó ní okùn tuntun náà gbọ́dọ̀ gùn tán kí òun tó ta kókó sí i. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi. Wọ́n so etí kan mọ́ òpó irin ní ìpẹ̀kun pápá, wọ́n gba etí kejì lórí irin ìdábùú táǹkì omi, wọ́n so búlọ́ọ̀kù mẹ́ta mọ́ ọn kó máa rọ̀ dirodiro. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, búlọ́ọ̀kù náà ga tó orúnkún láti ilẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kan ilẹ̀. Ó sún wọn sókè, ó tún dúró títí di ọ̀sán. Wọn ò sọ̀ mọ́. Gbogbo gígùn tí okùn ní láti gùn, ó ti gùn ún tán. Ìgbà náà ló tó gbé e wọ yàrá jẹ́sì, ó yọ wáyà kúrò, ó sì ta kókó mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí ìṣó bá ní kó wà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ bá Kòtàsé nílé. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ọmọkùnrin náà jókòó, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń fi ọ̀kan nínú ọ̀pá méjì tó ń fi sábẹ́ abíyá ṣeré nílẹ̀. Ìyá Aránṣọ jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Kòtàsé gbọ́ ọ dópin.

“Mo sọ fún wọn,” ló wí. “Mo sọ fún wọn pé àwọn ilé ìta yẹn fẹ̀ jù.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yí padà. “Màmá, ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́ síta. Wọ́n á ní ẹ ò mọṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú mi lọ, ó ti mọ́ mi lára.”

Ìyàwó rẹ̀ ní irọ́ ni, kò mọ́ ọn lára, pé òun tí òun ń sùn tì í lóru ló mọ̀.

Ìyá Aránṣọ rìn lọ sílé, gbólóhùn yẹn sì bá a délé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀kùn àdúgbò tó ṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ojú ilé, torí òpó ilé nìkan ni kò lè rìn, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì dì í. Ní gbogbo kọ̀rọ̀, ó wọn ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ sí apá kan, ẹsẹ̀ mẹ́rin lọ sí apá kejì, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹsẹ̀ márùn-ún ló so ìpẹ̀kun méjèèjì pọ̀. Bó bá jẹ́ márùn-ún, kọ̀rọ̀ náà tọ́. Bó bá lé tàbí ó dín, ẹ̀yin ni ẹ tẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀. Ó kan èèkàn, ó na okùn, Káfíńtà ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ẹfun tó ki bí ẹ̀kọ. Ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá padà wọlé. Wọ́n gbé àga gígùn padà sí ibi tó wà láyé Bàbá Pápá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ inú ihò tirẹ̀ àtijọ́ wẹ́kú.

Ọ̀sán ni alábòójútó dé. Ọkùnrin gíga kan ni, ó dákẹ́ bí ilé ẹ̀kọ́ nígbà ìsinmi. Ó fi téèpù irin rẹ̀ wọn ohun gbogbo, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré, Ìyá Aránṣọ sì ń tẹ̀ lé e. Apótí kékeré, ó pé. Apótí ńlá, ó pé. Òbìrí, ó pé. Ó dé ibi pẹ́nátì, ó wọ̀n ọ́n: mítà mọ́kànlá, kò fi ìwọ̀n èékánná yẹ̀. Ó mi orí, ó ń ká téèpù bọ̀. Ó wá dúró. Ó fi bàtà tọ́ ilẹ̀.

Láti ibi àmì tuntun, ojú ilẹ̀ tó ti jẹ, tí koríko rẹ̀ pọ́n, na sẹ́yìn bí ìlà gígùn kan, ó sì ju apá èèyàn lọ díẹ̀.

“Ìyá, kí lèyí?”

Káfíńtà wúkọ́. Ó ti ní ìdáhùn kan lẹ́nu, nípa òjò àti àwọn ewúrẹ́. Ìyá Aránṣọ kò jẹ́ kó sọ ọ́.

“Ẹsẹ̀ àwọn tó ń gbá pẹ́nátì ló jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, sà. Okùn mi ló gùn, tí mi ò sì mọ̀. Lọ́dọọdún ni àmì ń sún sẹ́yìn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ọdún mẹ́fà ló wà nílẹ̀ yẹn. Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, ibi tí ẹ wọ̀n yìí gan-an ló wà. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe.”

Ọkùnrin náà tún téèpù rẹ̀ na. Ó wọn ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà, ó wọn ìparí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ ó fọwọ́ pa ilẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, eruku wà ní orúnkún rẹ̀.

“Ọmọ tó fẹsẹ̀ dá yẹn, ibí ló ti gbá wọn?”

“Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà.”

“Wọ́n sọ fún wa pé ibẹ̀ kúrú.”

“Àwa náà gbọ́ bẹ́ẹ̀, sà.”

Ó kọ nǹkan sínú ìwé. Ó ní pápá yìí tọ́, pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́ta tí òun wọ̀n lóṣù náà tó tọ́ tó o, ìdíje wà. Ó wá béèrè ẹni tó máa di ẹ̀rọ agbóhùnsókè mú lọ́jọ́ kejì.

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ okùn fi dé etí gbogbo àdúgbò. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èrò kún dé ara ọgbà. Àwọn ìlà funfun náà tàn lórí koríko bí etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Àwọn òdìkejì odò náà wá, wọ́n sanwó bí gbogbo èèyàn, wọ́n dúró papọ̀ ní apá kan. Nígbà ìsinmi àárín ìdíje, alábòójútó bọ́ sáàárín pápá, ó sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀ sọ ohun tí téèpù irin rí. Kò bù mọ́ ọn. Ó sọ iye mítà, ó sọ iye sẹ̀ǹtímítà, ó sọ iye pẹ́nátì. Lẹ́yìn náà, ó ní kí mẹ́ta nínú àwọn ọmọ tòun tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù wá gbá ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìparí ìlà pípọ́n yẹn. Ẹni tó ń yan búrẹ́dì ní ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń ṣọ́lé fún àdúgbò. Ti àkọ́kọ́, ó gbá a mú. Ti ìkejì lu òpó. Ìkẹta wọlé, ẹni tó gbá a kò sì yọ̀. Ó yíjú sí àga gígùn níbi tí Kòtàsé jókòó, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì tẹrí ba fún un.

Ariwo tó sọ, àwọn tó wà nílé gbọ́. Kòtàsé fẹ́ dìde, ó wá ọ̀pá rẹ̀, kò rí i, ìyàwó rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, ó sì dúró. Ayọ̀ tó wà lójú ìyàwó náà, Ìyá Aránṣọ rí i láti ẹ̀gbẹ́ kejì pápá.

Ẹgbẹ́ ńlá ló borí, mẹ́rin sí méjì, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni lónìí, kò ní rántí. Ohun tí wọ́n ń rántí ni pé Káfíńtà gba ẹ̀rọ agbóhùnsókè ní ìparí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èrò, ó wá yí sí ibi tí obìnrin kan ti ń ká okùn sínú agolo. Ó ní fún ọdún mẹ́fà òun ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò nítumọ̀, òun sì fẹ́ gbé e mì lójú gbogbo ayé. “Pápá yìí ní ìyá,” ló wí. “Ẹ kí Ìyá Pápá.”

Wọ́n kí i. Ó gbọ́, kò gbójú sókè, nítorí pé okùn tí èèyàn bá fi ìkánjú ká a máa lọ́ mọ́ra.

Owó ẹnu ọ̀nà tó fún iṣẹ́ abẹ, ó tó fún irin, ó tó fún oṣù mẹ́ta tí púlọ́ńbà ò fi lè ṣiṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, Ìyá Pápá wọ yàrá jẹ́sì tòun tokùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì yẹ kókó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò lára ìṣó méjì. Nígbà tó jáde, lẹ́tà kan ń dúró dè é lọ́wọ́ Káfíńtà. Àwọn tó ń darí ìdíje ẹ̀kùn náà ti gba ìwé alábòójútó, wọ́n sì fẹ́ kí Ìyá Pápá àti okùn rẹ̀ wá wọn pápá mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà lábẹ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni tó gbá bọ́ọ̀lù.

Ó nílò ẹni tí yóò di etí okùn kejì mú. Kòtàsé ti ń gun àkàbà nígbà náà, òun ló sì bá a lọ. Wọ́n kọjá odò lọ́jọ́ kẹta. Ọmọkùnrin náà so etí okùn mọ́ èèkàn lójú ilé, ó fi ẹsẹ̀ tó sàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, ìyá sì na okùn lọ síwájú, àwọn àgbà ẹgbẹ́ òdìkejì odò yí wọn ká, wọ́n ń wò. Aṣọ pupa dé ibi àmì pẹ́nátì wọn, ó sì kọjá rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan.

Ìyá Pápá wo aṣọ pupa, ó wo àmì wọn tó kúrú, ó kan èèkàn síbi tó tọ́.

“Ọmọ mi,” ló wí fún Kòtàsé, “gbé ẹfun wá.”